Barbados kì í béèrè físà, ojú ọ̀nà rẹ̀ ló ń béèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìfaradà àwa òǹkàwé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé lẹ́tà yìí jáde kí owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún Kérésìmesì tó fò sókè. Iṣẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ká máa bá èèyàn ṣètò ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ìbéèrè kan ló sì gbòde lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: ṣé lóòótọ́ ni ọmọ Nàìjíríà lè lọ sí Barbados, erékùṣù kan ní agbègbè Karibíánì, láìgba físà? Àwọn ajẹ́ǹtì kan ti lẹ ìwé mọ́ ògiri láti Tákìí dé ẹnu géètì LAUTECH, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ lórí WhatsApp: kò sí físà, kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ ṣáà ti mówó wá.

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè wọ Barbados gẹ́gẹ́ bí àlejò láìní físà, ó sì lè lò tó oṣù mẹ́fà níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀de bá fún un ní iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ajẹ́ǹtì kì í sọ ni pé kò sí bàálù tó ń ná Èkó sí Bridgetown, olú-ìlú Barbados, tààrà lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń ná Èkó sí London. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, bàálù kan gbéra ní Èkó, ó sì lọ balẹ̀ sí Montego Bay ní Jàmáíkà láìyà síbì kan, ṣùgbọ́n àkànṣe ni wọ́n fi ṣe, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni Barbados, àgbàlá onílé mìíràn la sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá ká tó dé ẹnu ilẹ̀kùn náà. Àwọn onílé àárín yìí, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Kánádà àti àwọn ará Yúróòpù, ni wọ́n ń béèrè físà.

London ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. British Airways àti Virgin Atlantic ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Heathrow, àwọn méjèèjì náà sì ń ti London fò lọ sí pápákọ̀ Grantley Adams ní Barbados. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni Èkó sí London, London sí Barbados sì ń lọ sí bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ọmọ Nàìjíríà kò lè pààrọ̀ bàálù ní Heathrow láìní físà tíránsíìtì, kódà bí kò bá ní yọjú síta rárá. Irú físà náà méjì ló wà. Direct Airside Transit visa ni ti ẹni tó máa jókòó sínú pápákọ̀ títí bàálù kejì yóò fi gbéra. Visitor in Transit visa ni ti ẹni tó máa kọjá níwájú àwọn aṣọ́bodè bọ́ sí ìgboro, tí yóò sì kúrò nílùú wọn láàárín wákàtí 48. Àìmọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló ń mú kí owó èèyàn wọmi.

Bí bàálù yín láti Èkó bá balẹ̀ sí Heathrow, tí èyí tó ń lọ sí Barbados sì ń gbéra ní Gatwick, ẹ gbọ́dọ̀ jáde ní Heathrow kí ẹ wọ ọkọ̀ ilẹ̀ lọ sí Gatwick. Físà inú pápákọ̀ kò lè gbé yín dé ìta. Bákan náà ni fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ó dínwó, tó ra Èkó sí London lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, tó tún ra London sí Barbados lọ́wọ́ òmíràn. Bí wọn kò bá lè so ìwé mọ́ ẹrù rẹ̀ ní Èkó kó lọ tààrà dé Barbados, ó ní láti lọ gbé e ní London kó tún un fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù sì wà lẹ́yìn àwọn aṣọ́bodè. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, lọ-bọ̀, lábẹ́ nọ́ńbà kan ni kí ẹ rà. Kí ẹ sì ka lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: LOS ni Èkó, LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick, BGI ni Barbados. Ajẹ́ǹtì tí kò bá lè sọ fún yín bóyá LHR tàbí LGW ni bàálù kejì ti ń gbéra kò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá ti ní físà àbẹ̀wò Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì wúlò lè fi gba ibẹ̀ kọjá, kò nílò òmíràn. Físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà náà lè yọ èèyàn nínú físà inú pápákọ̀ London, àmọ́ àwọn àdéhùn kan so mọ́ ọn, orí gov.uk, ojúlé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn kan máa ń ní kí àwọn gba Amsterdam tàbí Paris, pé ibẹ̀ kò le. Ó le. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 12 tí EU, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, ní kí ọmọ ibẹ̀ gba físà kó tó pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní jáde. Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Níbẹ̀, kò sí pé èèyàn dúró sínú pápákọ̀ láìwọ ìlú: gbogbo èrò ló ń kọjá níwájú aṣọ́bodè wọn, ì báà jẹ́ wákàtí méjì péré ló máa fi dúró ní Miami tàbí New York. Físà C-1, ìyẹn ti ẹni tó kàn ń kọjá, tàbí físà àbẹ̀wò ni wọ́n ń béèrè. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n sọ físà àbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta péré, òfin náà kò sì dúró sójú kan látìgbà náà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń fà: bí físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lẹ bá ní, tí ẹ sì gba Miami lọ, ẹ ti lo ìwọlé kan yẹn tán, ẹ kò sì ní rí ọ̀nà gba ibẹ̀ padà wálé. Kánádà náà ń gba físà tíránsíìtì fún ẹni tó bá fẹ́ gba Toronto.

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù ní Èkó ló máa kọ́kọ́ yẹ ìwé yín wò, kò sì ní gba ẹ̀bẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: bí wọ́n bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ibẹ̀ lè bu £2,000 lé wọn lórí èrò kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ má fi ti físà kẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n bá yín di àyè mú láìtíì sanwó, ẹ fi ìwé àyè náà tọrọ físà tíránsíìtì, ìgbà tí físà bá jáde ni kí ẹ sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì rí i dájú pé físà náà ká àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Barbados pẹ̀lú físà tíránsíìtì tó kú lẹ́yìn àlọ ti há sórí erékùṣù nìyẹn.

Pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kó tó kú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé kí ni ìyókù wà fún.

Yẹ́lò káàdì jẹ́ dandan, nítorí Barbados ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ tí àìsàn náà wà wá, bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún kan. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé ó ń gba ara lákòókò kó tó ní agbára; ẹni tó bá gbà á lọ́jọ́ Ajé kó tó fò lọ́jọ́ Ẹtì kò tíì gba nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ni, kò ní kú mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti fi orúkọ sílẹ̀ kí ẹ sanwó, lẹ́yìn náà ni ẹ óò lọ gba abẹ́rẹ́ níbi tí Port Health, ẹ̀ka ìlera ìjọba ní ibodè, fọwọ́ sí. Káàdì tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láìfi abẹ́rẹ́ kan ara kò lè jẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wo àmì tó wà lára rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí káàdì, pásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwa Yorùbá ló ń jìyà èyí jù, nítorí orúkọ wa pọ̀: ẹni tó jẹ́ Adébáyọ̀ lórí pásípọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ di Bayo lórí káàdì, ìyàwó tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ kò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ bàbá rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní pápákọ̀ Barbados, wọn yóò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, àdírẹ́sì ibi tí ẹ óò sùn, àti ẹ̀rí pé ẹ ní owó tó máa gbọ́ bùkátà yín. Àdírẹ́sì yìí kì í ṣe "ilé ọ̀rẹ́ mi ní Bridgetown". Ẹ kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì tàbí nọ́ńbà ilé, àdúgbò àti párísì. Párísì 11 ni wọ́n pín erékùṣù náà sí, Saint Michael ni Bridgetown wà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbà yín lálejò, kí ó kọ lẹ́tà, kí ó sì fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ tì í. Fọ́ọ̀mù ìwọlé wà lórí travelform.gov.bb, láàárín wákàtí 72 kí ẹ tó gúnlẹ̀ ni kí ẹ kún un. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú ewé tó bá gba dọ́là lọ́wọ́ yín nítorí fọ́ọ̀mù yẹn, ti gbájúẹ̀ ni. Ẹ ya fọ́tò èsì rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì tẹ ẹ́ sórí ìwé pẹ̀lú, nítorí fóònù lè kú lẹ́yìn ìrìn wákàtí mẹ́rìndínlógún.

Ẹ tún àpótí yín wò dáadáa. Aṣọ kámò tí sójà ń wọ̀ jẹ́ èèwọ̀ lábẹ́ òfin Barbados fún gbogbo aráàlú, tó fi dé orí ọmọdé, fìlà, báàgì àti ṣòkòtò péńpé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ní irú rẹ̀ tí wọn kò kà á sí. Wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín, wọ́n sì lè fi yín sùn. Ẹran, ẹran ìgbẹ́, èso tútù àti ohun ọ̀gbìn ń gba ìwé àṣẹ. Obì, orógbó àti ewé tútù wà nínú rẹ̀. Gàrí tàbí ẹ̀gúsí lílọ̀ tí ẹ bá dì, ẹ sọ ọ́ lórí fọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹ sọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín sàn ju ohun tí ẹ fi pamọ́ tí wọ́n wá rí lọ. Ní ti àgbo inú ike tí kò ní orúkọ lára, ẹ fi sílé.

Oògùn yẹ kó wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ jẹ́ ká tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ níbí, nítorí ó lè gba ẹ̀mí là. Kò sí ibà ẹ̀fọn tiwa ní Barbados, àìsàn dẹ́ńgì ni ẹ̀fọn ibẹ̀ ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ yín lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra lè fi ibà ránṣẹ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méje tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú rẹ̀ lè rò pé òtútù lásán ni. Bí ara bá gbóná, ẹ tètè sọ pé Nàìjíríà lẹ ti wá, ẹ sì béèrè pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún malaria. Queen Elizabeth Hospital ní Bridgetown ni ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù. Nọ́ńbà ambulance ni 511, ọlọ́pàá 211, panápaná 311. Àlejò ló ń sanwó ìtọ́jú ara rẹ̀, nítorí náà ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò kí ẹ tó kúrò nílé.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, ẹ má fi ọjọ́ kan náà dá ìrìn ilẹ̀ àti ti òfuurufú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀nà márosẹ̀ dá òun dúró lè wọ ọkọ̀ dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kó wọ rélùwéè títí dé Agége, ibẹ̀ kò jìnnà sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Àmọ́ kó wo àkókò rélùwéè náà kó tó gbára lé e, kó sì sun Èkó mọ́jú.

Ìgbà wo ló dára láti lọ? Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ni oṣù Kejìlá sí Karùn-ún, ṣùgbọ́n àárín oṣù Kejìlá sí àárín oṣù Kẹrin ni òtẹ́ẹ̀lì wọ́n jù, nítorí pé àwọn tó ń sá fún òtútù kún ibẹ̀. Oṣù Kẹfà sí ìparí oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle. Barbados wà ní ìhà ìlà-oòrùn jù nínú àwọn erékùṣù Karibíánì, ọ̀pọ̀ ìjì sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àmọ́ ìjì Elsa dé bá wọn ní oṣù Keje ọdún 2021, Beryl náà sì ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ apẹja jẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún wọn, Crop Over, tó bẹ̀rẹ̀ láti ayé ìkórè ìrèké, kó lọ kí ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹjọ tó pé. Ọjọ́ yẹn ni ìjó àṣekágbá rẹ̀ ń wáyé ní ìgboro. Kó sì tètè wá ilé. Tiwa ni pé oṣù Karùn-ún dára jù: owó ilé ti wálẹ̀, ìjì kò sì tíì dé. Koríko òkun rírà lè bo etíkun ìlà-oòrùn àti gúúsù nígbà náà, ìwọ̀ oòrùn ni kí ẹ bá lọ.

Owó wọn ni dọ́là Barbados, wọ́n sì ti dè é mọ́ ti Amẹ́ríkà láti ọdún 1975: méjì tiwọn ni ọ̀kan tàwọn ará Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó máa gba náírà lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ẹ mú dọ́là Amẹ́ríkà tó mọ́, tí kò ya, pẹ̀lú káàdì àkáùǹtì dọ́là. Ẹ pe báńkì kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún òkè òkun, torí káàdì tó ń ṣiṣẹ́ ní Tákìí lè dákẹ́ ní Bridgetown. Ẹni tó bá mú ju $10,000 lọ gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wò ó bóyá "BBD" tàbí "USD" ni wọ́n kọ mọ́ ọjà; ìlọ́po méjì ni ìyàtọ̀ wọn. VAT ibẹ̀ jẹ́ 17.5%, ilé oúnjẹ púpọ̀ sì tún ń fi 10% owó ìtọ́jú àlejò kún un. Dọ́là Barbados tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ná an tán, ẹ má gbé e wálé.

Erékùṣù náà kéré: 431 kìlómítà ní ìbú òun òró, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 34, kò tó láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Ẹ kò nílò ọkọ̀ yíyá bí ẹ bá lè wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì búlúù onílà yẹ́lò ni ti ìjọba, yẹ́lò onílà búlúù jẹ́ ti aládàáni, funfun onílà pupa rúsúrúsú ni wọ́n ń pè ní ZR: orin rẹ̀ ń pariwo, èrò rẹ̀ ń há, ó sì ń sáré, ẹni tó bá ti wọ dánfó Èkó rí kò ní ṣe hàà. Dọ́là 3.50 ti Barbados ni owó ọkọ̀, ì báà jìnnà, ì báà sún mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ̀ tí ẹ wọ òmíràn, ẹ óò tún un san. Bọ́ọ̀sì ìjọba kì í fún èèyàn ní ṣéńjì, ẹ mú owó tó pé dání. Àmì "To City" ní ibùdókọ̀ ń lọ sí Bridgetown, "Out of City" ń kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ títì tí kò tọ́ ni àlejò máa ń dúró sí, nítorí pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wa ọkọ̀. Ojú títì yẹn náà lẹ gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá. Takisí kò ní míta, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì béèrè bóyá dọ́là wo ni wọ́n ń sọ. Ẹ máa kí èèyàn bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì tàbí ṣọ́ọ̀bù. Bí a ṣe ń ṣe nílé ni wọ́n ń ṣe, àlejò tó bá kàn ń béèrè nǹkan láìkí wọn kì í rí ojú rere.

Iná wọn jẹ́ fọ́ọ̀tì 115, púlọ́ọ̀gì wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100–240V sí lára kò ní wàhálà, ohun ìsopọ̀ nìkan ló nílò. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ irun tí wọ́n ṣe fún 240 kò ní gbóná dáadáa níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbé e. Omi ẹ̀rọ wọn ṣe é mu. Ní aago méjìlá ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́, aago méje àárọ̀ ni níbẹ̀. Ẹ rántí kí ẹ tó pe ilé.

Etíkun kò ní olówó: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti aráàlú, òtẹ́ẹ̀lì kankan kò sì lè lé yín. Omi ìwọ̀ oòrùn, láti Bridgetown lọ sókè sí Speightstown, rọ̀. Etíkun kan wà ní gúúsù tó ń jẹ́ Accra, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Bathsheba ní ìlà-oòrùn rẹwà lójú, àmọ́ ìṣàn omi ibẹ̀ ń fa èèyàn lọ sójú agbami. Ẹ wo ó, ẹ má wọ ọ́. Àsíá pupa túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Igi kan tún wà létíkun tó ń jẹ́ manchineel, èso rẹ̀ kéré, ó ní àwọ̀ ewé, ó sì ń ta sánsán, ṣùgbọ́n májèlé ni. Omi ara igi náà ń bó èèyàn lára, kódà òjò tó gba ara ewé rẹ̀ wá sílẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìtì rẹ̀. Bí òjò bá ká yín mọ́ etíkun, ẹ má sá sábẹ́ igi tí ẹ kò mọ̀.

Oúnjẹ wọn kò ṣàjèjì sí wa. Cou-cou ni ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ilá rò, ẹja tó ń fò lójú omi ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Oistins ni kí ẹ lọ jẹ ẹja yíyan. Àwọn Mùsùlùmí wa, ẹ ṣọ́ra fún pudding and souse tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mọ́sálásí wà ní Bridgetown, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ló ṣẹ̀ wá láti Gujarat ní Íńdíà, àwọn ló sì lè júwe ibi tí ẹran halal wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn, kó má fi mọ sí etíkun. Ibojì àwọn ẹrú wà ní Newton, ní Christ Church, níbi tí wọ́n sin nǹkan bíi 570 ọmọ Áfíríkà tó ṣiṣẹ́ lóko ìrèké sí. Ère ẹrú tó já ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ wà ní oríta kan lẹ́yìn Bridgetown, Bussa ni aráàlú ń pè é, orúkọ ẹni tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ọdún 1816. Àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ń béèrè bóyá wọ́n á bá Ṣàngó níbẹ̀. Trinidad ni kí wọ́n lọ fún ìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀sìn Òrìṣà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, Grenada náà sì ní díẹ̀, nítorí pé wọ́n kó àwọn Yorùbá lọ síbẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti dópin lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Trinidad ń gba físà lọ́wọ́ wa, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé erékùṣù kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Barbados kò lè fi yín wọ òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń rò pé jápa ni èyí. Àlejò kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Barbados. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Welcome Stamp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 fún ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ òkèèrè, ó ń lo oṣù 12. Ní dọ́là Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ jẹ́ $2,000 fún ẹnì kan, $3,000 fún ẹbí, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa rí $50,000 lọ́dún. Ajẹ́ǹtì tó bá ní òun ní iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì fún yín lórí ìwọlé aláìlófísà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó ní orúkọ yín kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Owó-orí ìrìnàjò ti wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má san òmíràn fún ẹnikẹ́ni. Ọtí tàbí òróró tí ẹ bá rà ní ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀, ẹ má já ọ̀rá tí wọ́n fi dì í pa títí ẹ óò fi dé Èkó, nítorí pé wọn yóò tún yẹ ẹrù ọwọ́ wò ní London, ọ̀rá tó bá sì ti ṣí, inú agolo ìdọ̀tí ni wọ́n ń jù ú sí.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn aṣètò ìrìnàjò,
Agbègbè Tákìí, Ògbómọ̀ṣọ́.